Ilẹ̀ Wa, Pláànù Wa, àti Ìwé Àṣẹ Tí À Ń Wá

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n)

  Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òní á jẹ́ ká rí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n bá wa dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ tí wọn ò sí láàárín wa mọ́, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. A mọ ìdí tó fi jẹ́ pé òní ni wọ́n ní ká sọ ọ́. Kò sí mítíìnì kan láti bí ọdún mélòó kan tí ẹnì kan kò ní dìde kó bèèrè pé, "Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí koríko ṣì wà lórí ẹ̀?" Àwọn mìíràn kì í bèèrè nínú mítíìnì, ìdí àtẹ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. A ti gbọ́ ọ pé a ti ta ilẹ̀. A ti gbọ́ ọ pé a ti fi owó ẹgbẹ́ kọ́lé ara wa. A ò ní fi ìbínú dáhùn. Owó yín ló wà níbẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an la fẹ́ sọ, títí kan èyí tó jẹ́ àṣìṣe tiwa.

Ẹ rántí pé ọdún 2016 la ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìdílé tó ni ín, éékà mẹ́fà. Owó tí a fi rà á, owó tí oníkálukú ń dá lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ ni, tí ẹlòmíràn ń yọ ọ́ nínú èrè gáàrì tí kò tó nǹkan. Kì í ṣe ọjà lásán la sì ní lọ́kàn. Ọgbà ìṣòwò la fẹ́ kọ́: ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rùsí tí kòkòrò kò ti ní jẹ èlùbọ́ àti ẹ̀wà wa tán, yàrá tútù fún àwọn ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́ran, ọ́fíìsì tí báǹkì lè wá háyà, ibi tí a ó ti máa tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ìyá wọn wà lọ́jà, àti ibi tí ọkọ̀ á ti máa já ẹrù láì dí títì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ dúró de ọkọ̀ iṣu nínú òjò mọ ìdí tí a fi fẹ́ irú ibẹ̀.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣì í rèé: a rò pé ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ti ní ilẹ̀ tán. Rísíìtì ìdílé wà lọ́wọ́ wa, ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ wà lọ́wọ́ wa, a ti jẹ obì, a ti ya fọ́tò, ó tán. Kò tíì tán o.

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ìdílé lè tà, àwa lè rà, ṣùgbọ́n bí gómìnà kò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ wa kò tíì múlẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni ìwé tí gbogbo èèyàn ń pè ní C of O wà fún. Ìjọba gbà pé àwa la lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀ yẹn, ó sábà máa ń jẹ́ fún ọdún 99. Ìwé náà a sì máa sọ ohun tí a lè lo ilẹ̀ fún, bóyá ilé gbígbé, òwò, ilé-iṣẹ́ tàbí oko.

Ṣùgbọ́n C of O kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. C of O ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Àṣẹ ìkọ́lé, tí àwa ń pè ní àpúrúfàlì, ń sọ ohun tí ẹni náà lè kọ́ sórí ẹ̀, bó ṣe máa ga tó, àti bó ṣe máa jìnnà sí títì, sí odò àti sí aládùúgbò tó. Ẹ wò ó báyìí: ìkòkò jẹ́ tìrẹ, ọbẹ̀ jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ dá iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ẹni mẹ́jọ jọ ń gbé, wàá kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Òfin ìṣètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1992, tí wọ́n ń pè ní Decree 88, ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé láìgba àṣẹ. Lọ́dún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni. Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé tí ẹnì kan bá ti ní òun ní àbúrò l'Ékòó tó gba tiẹ̀ lọ́nà báyìí báyìí, ká yáa dákẹ́. Tí Èkó yàtọ̀, tí Ọ̀yọ́ yàtọ̀, tí Ògùn náà yàtọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti alágbàtà.

Lọ́dún 2018, ọkùnrin kan wá bá wa. Ó múra dáadáa, ó ń kí wa ní "ẹ̀yin màmá mi," ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n lọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí pláànù, pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìwé á jáde. A kó owó fún un. Ẹ má bi wá pé èló, ó wà nínú ìwé ìṣirò tí ayẹ̀wé-owó-wò kà fún yín ní mítíìnì gbogbogbòò 2020. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ìwé jáde lóòótọ́. Ó ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́mbà, ó ní ìfọwọ́sí pẹ̀lú báírò aláwọ̀ ewé. Inú wa dùn. A gbé e fún kọngílá, ó bẹ̀rẹ̀ ọgbà, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé géètì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ní 2019, ọdẹ pè wá. A débẹ̀, a rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ STOP WORK sára ògiri, pẹ̀lú àmì X gàǹgà. A gbé ìwé wa, a sáré lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó, ó tún un wò, ó bèèrè pé, "Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé alámùúlé oníyàrá méjì tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kejì?" Nọ́mbà tó wà lórí ìwé wa, ti ilé ẹlòmíràn ni. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín báyìí. Àwa ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Akápò wa jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà, kò lè dìde.

Ìdajì owó náà la rí gbà padà, ìyẹn lẹ́yìn tí a ti dé àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdajì tó kù ti lọ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ yìí ló fọwọ́ sí i, a ò ní dá ẹnikẹ́ni mìíràn lẹ́bi. Láti ìgbà náà a ti ṣe òfin fún ara wa pé a ò ní san owó ìjọba sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Báǹkì la ó ti san án, orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò wà lórí rísíìtì, ẹni mẹ́ta ni yóò sì lọ, kì í ṣe ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Sọfíò la kọ́kọ́ mú, èyí tó ní ìwé-àṣẹ. Ó wọn ilẹ̀ náà, ó sì gbé nọ́mbà àwọn òkúta igun rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Sọfíò Àgbà ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n bá wa wò ó lórí máàpù bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ fún ara yín: iṣẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ ṣe KÍ Ẹ TÓ san owó, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti san án. Orí ló yọ wá. Ìjọba kò gba ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì jáde lórí máàpù náà. Èkíní, gbogbo àdúgbò yẹn, ilé gbígbé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èkejì, igun ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa wà nínú àlà tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ́lé sí lẹ́bàá odò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti odò ṣáájú, nítorí òun ló fa ariwo jù. Àwọn kan ní, "Odò wo? Gọ́tà ni! Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ ń gba inú ẹ̀ kọjá." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí Ògùnpa ṣe. Ògùnpa náà, ewúrẹ́ ń gba inú ẹ̀ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa tí a kéré nígbà náà rí tiwa lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011: òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ, afárá wó lọ́tùn-ún lósì, àwọn kan nínú yín pàdánù ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà ìkún omi n'Íbàdàn, ara iṣẹ́ náà sì ni pé kí wọ́n ṣètò ìlò ilẹ̀ fún gbogbo ìlú. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní ká kúrò lẹ́bàá odò, kì í ṣe pé ó ń wá owó ẹ̀gúnjẹ. Ibi tí a fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí gan-an nìyẹn. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà àádọ́ta èèyàn nínú ilé kan, lẹ́bàá odò! A dúpẹ́ pé wọ́n dá wa dúró.

Ti ìlò ilẹ̀ ló wá gba àkókò. Nígbà tí wọ́n bá ti kọ àdúgbò sí ilé gbígbé, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ibi òwò síbẹ̀ ní láti kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n yí ìlò rẹ̀ padà. Ìwé yìí dá dúró lọ́tọ̀, pláànù ilé dá dúró lọ́tọ̀. A gba táùn-pláánà tó ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, ó kọ ìwé àlàyé: iye ọkọ̀ tó máa ń wọlé lóòjọ́, ibi tí omi òjò máa gbà, ibi tí ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti mọ́ṣáláṣí wà sí wa, ìdí tí àdúgbò fi nílò irú ibẹ̀. A gba akíńtẹ́ẹ̀tì, ó yàwòrán. A gba ẹnjiníà, ó ṣírò òpó àti dẹ́kì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò láti mọ bó ṣe le tó. Ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta, a gbé e kalẹ̀. Òfin 1992 yẹn tún sọ pé bí ilé ọ́fíìsì bá ju àjà mẹ́rin lọ, tàbí tí àyè tí wọ́n fẹ́ fi háyà níbẹ̀ bá ju 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, ìwé àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ náà máa ní lórí àyíká gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àwòrán wa àkọ́kọ́ fẹ́ gbé àjà ọ́fíìsì márùn-ún, a dín in kù.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan ló wá fẹ́ dá wa dúró. Àwọn aládùúgbò kọ̀wé lòdì sí wa.

Inú bí wa nígbà tí a gbọ́. A ní ta ni wọ́n, ṣé wọn kì í jẹ gáàrì ni? Ìyálọ́jà ló pè wá jókòó, wọ́n ní, "Ẹ lọ bá wọn nílé. Ẹ má lọ pẹ̀lú lọ́yà. Ẹ gbé èso dání." A lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni agbẹnusọ wọn. Bàbá náà gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n fún wa ní ìjókòó, wọ́n wá ní:

"Ẹ̀yin màmá, ẹ má rò pé a kórìíra yín. Ìyá tó bí mi, èlùbọ́ ló tà tó fi rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ẹ̀gbẹ́ ọjà rí. Aago méjì òru ni tírélà ń já ẹrù. Àwọn awakọ̀ ń tọ̀ sára ògiri mi. Pàǹtírí á dí gọ́tà, omi á wọ yàrá mi. Bí ẹ bá lè sọ fún mi pé kò ní rí bẹ́ẹ̀, màá fọwọ́ sí i lónìí."

A wo ojú ara wa. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni bàbá ń pa. Àwa náà là ń gbé inú ọjà yẹn, àwa náà là ń di imú. A ò dáhùn lọ́jọ́ náà. A padà sílé, a pe akíńtẹ́ẹ̀tì, a ní kó tún un yà.

Nínú àwòrán tuntun, géètì ọkọ̀ ẹrù ti kúrò ní ojú ọ̀nà àdúgbò, ó ti bọ́ sí ojú títì ńlá. Ọkọ̀ á yí padà nínú ọgbà, kò ní yí padà ní ojúlé ẹnikẹ́ni. Ilé ìyàgbẹ́ wà níbi mẹ́rin, omi kànga ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó sì jìnnà sí ihò sálángá bí òfin ṣe wí. Ilé pàǹtírí ní òrùlé àti ìlẹ̀kùn. A sì kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i fún wọn, pé láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di márùn-ún ìdájí, ọkọ̀ kankan kò ní já ẹrù. Ẹ̀yin oníṣu àti ẹlẹ́lùbọ́, a mọ̀ pé èyí dùn yín. Ẹ ti sọ ọ́ fún wa, ẹ sì ti bú wa díẹ̀. Bàbá tíṣà àti ojúlé mọ́kànlá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò lòdì sí i mọ́.

Akíńtẹ́ẹ̀tì tún fẹ ọ̀nà inú ọgbà sí mítà mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ìyẹn pọ̀ jù, pé èèyàn lè rí ṣọ́ọ̀bù ogún yọ níbẹ̀. Ẹ rántí ọjà Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́, ọjà Aláàfin, lọ́jọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020. Oṣù kan náà yẹn ni iná jó ní Balógun l'Ékòó. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó jókòó síwájú eérú ọjà tó fi ogún ọdún kó jọ kò ní bá wa jà nítorí ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná máa gbà wọlé.

Ó wá ku ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀, a ò sì ní fi pamọ́. Nígbà tí a yọ ti odò, tí a fẹ ọ̀nà, tí a fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 140 tẹ́lẹ̀ di 96. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti san owó ṣọ́ọ̀bù, 131 ni wọ́n. Ẹni 35 kò ní rí ìsàlẹ̀. A ti sọ ilé náà di alájà kan, ṣọ́ọ̀bù 40 sì wà lókè, nítorí náà kò sẹ́ni tí kò ní rí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àwa náà jẹ́ ọlọ́jà, a mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: ta ló máa gun àtẹ̀gùn lọ ra èlùbọ́?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí ẹni tó kọ́kọ́ sanwó kọ́kọ́ mú. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká dìbò mú un, kí orí kálukú yàn fún un. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní ìdí. Ìyá tó ti ń dáwó láti 2001 kò yẹ kó máa gun òkè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ọmọ tó wọlé ní 2015 náà, owó kan náà ló san.

Ìmọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ yìí gbé wá ni pé ká fi irú ọjà pín in. Ọjà tó wúwo àti ọjà tó ń bàjẹ́, kí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀: èlùbọ́, gáàrì, epo, ẹja, ẹran, ata, iṣu. Aṣọ, bàtà, ìránṣọ, onídìrí, ohun ìṣaralóge, ìwé àti bébà, kí wọ́n lọ sókè, nítorí oníbàárà aṣọ á gun òkè bí ọjà bá dáa. Níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ ju àyè lọ nínú ọjà kan náà, ká wá dìbò mú un. Ìyá tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin tàbí tí ara rẹ̀ kò le, ìsàlẹ̀ ni, ohun yòówù kó máa tà. Kò sì ní sí ṣọ́ọ̀bù àyàsọ́tọ̀ fún olóyè. Alága ìgbìmọ̀ wa, aláṣọ ni. Òkè ni yóò lọ. Akọ̀wé wa, bàtà ló ń tà, òkè náà ni. Ọ́fíìsì tí a fẹ́ háyà fún báǹkì dín kù sí ẹyọ kan, owó tí à ń retí níbẹ̀ náà dín kù. A ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i lójú ewé tó tẹ̀ lé èyí nínú ìwé yìí.

Ìyá kan dìde ní mítíìnì tó kọjá, wọ́n ní kí ló dé tí a ò kọ́ ọ báyìí, ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò sí níta, ká wá máa bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé tó wà n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òótọ́ ni ìyá sọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹnì kan ni wọ́n ń sọ. Tiwa, owó èèyàn 131 ni. Bí wọ́n bá wó o, kò sí owó gbà-má-bínú, wọ́n tún lè ní ká san owó ìwólé. Báǹkì kò ní yá wa lówó lórí ilé tí kò ní àṣẹ. Iná jó o, iléeṣẹ́ ìbánigbófò á bèèrè ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó n'Íkòyí, ó lé ní ogójì èèyàn tó kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, èèyàn mélòó ló máa wà nínú tiwa?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí: a ti kó ìwé ìyípadà ìlò ilẹ̀ àti pláànù tuntun lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni lẹ́tà dé. Wọn ò sọ pé rárá, wọn ò sì tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan méjì ni wọ́n ní ká mú wá. Wọ́n fẹ́ àwòrán ibi tí omi òjò ọgbà wa máa já sí. Wọ́n sì fẹ́ ìwé tí ẹgbẹ́ fi gbà pé a ti yọ̀ǹda etí odò, pé a ò ní kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ láéláé. Àwòrán omi ti wà lọ́wọ́ ẹnjiníà. Ìwé ìyọ̀ǹda, ìgbìmọ̀ ò lè dá a fọwọ́ sí, ilẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ máa dìbò sí i.

Ohun kan tún wà tí ẹnjiníà ta wá lólobó. Àṣẹ ìkọ́lé kì í wà títí ayé. Òfin fún un ní ọdún méjì, bí èèyàn kò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àkókò náà, yóò tún lọ sọ ọ́ di ọ̀tun, yóò sì tún náwó. Bí àṣẹ bá jáde lọ́dún yìí tí àpò wa sì gbẹ, a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí owó ìkọ́lé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí a dá dúró ní 2020 nígbà Kòrónà bẹ̀rẹ̀ padà, kó tó di pé ìwé jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

A tún gbọ́ pé àwọn kan ti ń ta ìwé ṣọ́ọ̀bù wọn fún ará ìta. Ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì sí, tí a ò tíì mọ̀ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á, owó yín lẹ fi ra afẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ kò mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tà á, ẹ dá owó olówó padà kí mítíìnì tó tó.

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ ni mítíìnì àkànṣe, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ohun méjì la máa dìbò lé: etí odò, àti bí a ó ṣe pín ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú ìwé owó-dídá yín dání, àti rísíìtì ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti sọnù, kó rí akápò kí ọjọ́ náà tó pé. Pláànù tuntun wà lára ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láti ọjọ́ Ajé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ yà wá wò ó bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó pe akọ̀wé, á fi ìka tọ́ ọ sí ibi tí àwọn oníṣu wà, ibi tí àwọn aláṣọ wà, àti ibi tí odò gbà.